Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń ka ìkọ̀wé ọwọ́: bí ẹ ṣe máa rà á ní Ògbómọ̀ṣọ́ láì fowó ṣòfò

Pẹ́ẹ̀nì ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé ó jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ra gàárì sílẹ̀ kó tó ra ẹṣin, àmọ́ nídìí irú ẹ̀rọ yìí, bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí. Tábúlẹ́ẹ̀tì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Tákíè àti lọ́nà Under-G, gbogbo wọn ló ń dán yanran. Èyí tó máa jẹ́ kí ẹ kọ nǹkan sójú rẹ̀ bí ẹni ń fi bírò kọ̀wé, tó sì máa sọ ìkọ̀wé yín di lẹ́tà títẹ̀ tí ẹ lè fi ránṣẹ́, kò pọ̀ nínú wọn. Ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì kì í sì í hàn lára páálí.

Àwọn tí irú rẹ̀ wúlò fún ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ, tó sì ń ṣe ìṣirò tí kíbọ́ọ̀dù kò lè tẹ̀ bọ̀rọ̀. Pásítọ̀ tàbí àáfà tó ń fọwọ́ kọ ìwàásù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Olùkọ́ tó ń múra iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ máa ka PDF, kí ẹ máa wo fíìmù, kí àwọn ọmọ sì rí nǹkan fi ṣeré, ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò lo pẹ́ẹ̀nì kankan ti tó yín, owó rẹ̀ kò sì ní pa yín lára.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ pẹ́ẹ̀nì yàtọ̀ sí pẹ́ẹ̀nì

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tàbí tí wọ́n fi ike pẹlẹbẹ kékeré kan sí lẹ́nu. Òun ni wọ́n sábà máa ń fi kún tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìka ọwọ́ ni ẹ̀rọ kà á sí. Ara èèyàn máa ń gbé iná mànàmáná, ìyẹn ló jẹ́ kí ojú fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé ìka ti kan òun. Rọ́bà yẹn kàn ń ṣe aṣojú ìka yín ni. Kò mọ̀ bóyá ẹ tẹ̀ ẹ́ líle tàbí fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ yín: bí ẹ bá fọwọ́ ti ojú tábúlẹ́ẹ̀tì bí a ṣe máa ń fọwọ́ ti ìwé, ẹ ó kọ lẹ́tà kan, àtẹ́lẹwọ́ á fa ìlà mẹ́ta. Ẹ̀yin náà á wá máa gbé ọwọ́ sókè kọ̀wé títí apá á fi máa ro yín. Ẹ má ra irú èyí fún iṣẹ́ ìkọ̀wé, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìkejì ni èyí tó ní bátìrì nínú. Apple Pencil, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2015, wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Òun àti tábúlẹ́ẹ̀tì jọ ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni, nítorí náà ẹ̀rọ mọ ibi tí ẹnu pẹ́ẹ̀nì wà gan-an, ó sì lè kọtí ikún sí àtẹ́lẹwọ́. Ó dára púpọ̀. Àléébù rẹ̀ kò ju pé kí bátìrì kú sí yín lọ́wọ́ lọ.

Ìkẹta kò nílò bátìrì láti fi kọ̀wé rárá. Wọ́n tẹ́ wáyà tín-ín-rín sábẹ́ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, agbára òòfà tó ń jáde látibẹ̀ ló ń fún pẹ́ẹ̀nì lókun. Wacom, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, ni wọ́n mọ̀ jù nídìí ọ̀nà yìí, òun náà sì ni S Pen ti Samsung ń lò. Àwọn S Pen kan ní bátìrì kékeré fún bọ́tìnì wọn, àmọ́ bí ìyẹn bá tiẹ̀ kú fin-ínfin-ín, pẹ́ẹ̀nì á ṣì máa kọ̀wé.

Bó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi, ìkẹta yìí ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń gbé nílùú wa. Nǹkan kan péré ni ẹ ó máa wá iná fún, dípò méjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ẹ má gbọ́ ti ẹnu

Bí ẹ bá bi oníṣọ́ọ̀bù pé, “Ṣé ó ń lo pẹ́ẹ̀nì?”, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ló máa dáhùn. Kò sì parọ́, nítorí pé pẹ́ẹ̀nì rọ́bà ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wọn. Ìbéèrè tó yẹ ni pé, “Pẹ́ẹ̀nì wo gan-an ló bá a mu, ṣé ó sì wà nínú páálí?”

Lọ́dọ̀ Samsung, Galaxy Tab S6 Lite ni mo sábà máa ń darí àwọn èèyàn sí. Ọdún 2020 ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2022 àti 2024, S Pen sì máa ń bá a wá nínú páálí. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 10.4, ó tó ojú ewé ìwé tí à ń kọ nǹkan sí. Ti ọdún 2020 ní SM-P610 lẹ́yìn tó bá jẹ́ Wi-Fi nìkan, SM-P615 tó bá ń gba SIM. Àwọn Tab S ńlá náà máa ń bá pẹ́ẹ̀nì wá, ṣùgbọ́n owó wọn ga. Ibi tí èèyàn ti ń ṣi rà ni Tab A8 àti Tab A9+. Wọ́n rẹwà, orúkọ Samsung wà lára wọn, síbẹ̀ wọn kò gba S Pen. Kò sí wáyà yẹn lábẹ́ ojú wọn. Bí ẹ bá ra S Pen lọ́tọ̀ wá sílé fún wọn, asán ló jẹ́.

Ti iPad gba sùúrù díẹ̀. Nínú àwọn iPad gbẹ̀fẹ́, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe Pro tàbí Air, èyí tó jáde lọ́dún 2018, tí wọ́n ń pè ní ìran kẹfà, ló kọ́kọ́ gba Apple Pencil. Ti 2017 kò gbà á. Ẹ wá wò ó: àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, ojú ínǹṣì 9.7 kan náà, bọ́tìnì kan náà, ẹ̀yìn kan náà. Lórí igbá tòkunbọ̀, àfi kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ ka lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. A1893 tàbí A1954 ni ti 2018, ẹ lè ná an. A1822 tàbí A1823 ni ti 2017, ẹ dá a padà sórí igbá. Mi ò tíì rí nọ́ńbà kékeré tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ àdánù tó báyìí.

Ìran kẹfà títí dé ìkẹsàn-án, tó jáde lọ́dún 2021, Apple Pencil àkọ́kọ́ ni wọ́n ń lò, èyí tó rí roboto tó ní ìdérí lórí. Ìran kẹwàá ti 2022 náà ń lò ó, àmọ́ ẹ ó nílò adapter kékeré kan láti fi so ó pọ̀. Ó sì tún ń lo Apple Pencil USB-C tó jáde lọ́dún 2023, èyí tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín títẹ̀ líle àti títẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyẹn kò pa ìkọ̀wé lára, ayàwòrán ló máa dùn. Apple Pencil kejì, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ iPad, kò bá ìkankan nínú wọn ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ pọ̀ mọ́ iPad ìran kẹsàn-án, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ka ìkọ̀wé yín

Ẹ̀rọ yìí kì í wo lẹ́tà bí ẹni ń wo fọ́tò. Ìrìn ẹnu pẹ́ẹ̀nì ló ń tọ̀: ibi tó ti gbéra, ibi tó yà sí, ìgbà tó kúrò nílẹ̀, ìgbà tó tún kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń bi ara rẹ̀ pé, nínú èdè tí wọ́n sọ fún mi pé ẹni yìí ń kọ, ọ̀rọ̀ wo ló jọ èyí jù? Nígbà tí Apple gbé Newton jáde lọ́dún 1993, àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri nítorí bó ṣe ń ṣi ọ̀rọ̀ kà. Ìyẹn ti di ìtàn. Lóde òní, bí ẹ bá kọ Gẹ̀ẹ́sì wúruwùru, tí lẹ́tà ń gun ara wọn, á ṣì kà á lọ́pọ̀ ìgbà.

Yorùbá ni iṣẹ́ wà. Bí èdè wa kò bá sí nínú àwọn èdè tí áàpù ìkọ̀wé inú ẹ̀rọ náà ń kà, Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi ka ohun tí ẹ kọ. Á rí àmì abẹ́ lẹ́tà, á rò pé pẹ́ẹ̀nì ló ta sílẹ̀. Á rí àmì ohùn, á jù ú nù. Ẹ kọ ọ́ pé “ọkọ ìyàwó ti dé”, á tẹ oko síbẹ̀, ìyẹn kan tún sàn. Àwọn àṣìṣe míì wà tí mi ò lè kọ síbí, tí ẹ ò sì ní fẹ́ kí wọ́n wà nínú lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àna yín.

Ìdí míì tún wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo àgbáyé fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà àdáni. Lẹ́tà ẹ tàbí ọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí wọ́n tó fi àmì ohùn dé e lórí bí nǹkan ọ̀tọ̀. Èyí tó túmọ̀ sí pé lẹ́tà kan tí ẹ fọwọ́ kọ, nǹkan méjì ni áàpù gbọ́dọ̀ gbé jáde. Áàpù tí wọn kò kọ́ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe é, bí ìkọ̀wé yín ti wù kó dára tó.

Nítorí náà, ẹ ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́kàn yín. Kíkọ nǹkan sójú tábúlẹ́ẹ̀tì kí ó wà bẹ́ẹ̀ ní ìkọ̀wé ọwọ́ yín, gbogbo èdè ló gbà á, kò sí àmì tó máa sọnù. Sísọ ọ́ di lẹ́tà títẹ̀ ni ó gba kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nínú ṣọ́ọ̀bù

Ẹ mú rúlà kan dání, kí ẹ má sì lọ ní ìrọ̀lẹ́ tí oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ tilẹ̀kùn. Òwúrọ̀ dára. Bó bá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, original ni, kò sí wàhálà,” ẹ dá a lóhùn pé, “Mo gbọ́, àbúrò mi. Jẹ́ kí n kọ ọ́ wò ná.” Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ kò gbọdọ̀ tàn án wò, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ ṣí áàpù ìkọ̀wé: Samsung Notes lórí Samsung, Notes lórí iPad. Ẹ gbé rúlà lé e ní dídábùú láti igun kan dé èkejì, kí ẹ wá fa ìlà kan lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Ìlà yẹn gbọ́dọ̀ tọ́. Bó bá ń gbọ̀n wìrìwìrì bí ẹ ṣe rọra ń fà á, ó lè jẹ́ pé pẹ́ẹ̀nì náà kì í ṣe ojúlówó, tàbí pé wọ́n ti pààrọ̀ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì sí gbàrọgùdù. Tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́ rí ni mo máa ń fura sí jù níbi yìí. Ẹ tún kọ nǹkan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí pé ibẹ̀ ni pẹ́ẹ̀nì ti máa ń kọ̀ṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ kọ ìlà mẹ́rin márùn-ún bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ nílé, kì í ṣe pẹ̀lú ìkọ̀wé àlejò. Kò gbọdọ̀ sí àpá àtẹ́lẹwọ́ kankan níbẹ̀.

Ó wá ku kíkà. Ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ẹ ní kó sọ ọ́ di lẹ́tà títẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ ìlú wa kì í ṣe kékeré: ó ní ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣ, àmì ohùn wà lórí gbogbo ọ àti o inú rẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn yìí tẹ̀ lé e: Ọkọ mi gbé ọkọ́ lọ sí oko. Bí áàpù bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde bí ẹ ṣe kọ wọ́n, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá. Bó bá gbé oko jáde lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ti mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló máa bá yín sọ di títẹ̀, kí ẹ sì fi ìyẹn dúnàádúrà pẹ̀lú ara yín, ṣé ó ṣì yẹ ní iye tí wọ́n pè é.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tàbí àlòkù, ohun kan kù tí ẹ kò gbọdọ̀ fò. Ẹ ní kí ó pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kó tún un tàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀rọ bá béèrè Apple ID (tí wọ́n ń pè ní Apple Account báyìí) tàbí àkáǹtì Google ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ó ti tì pa nìyẹn. “Ọmọ kan wà tó máa bá yín ṣí i” kì í ṣe ìdáhùn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jí i ni, ẹ kò sì ní fẹ́ kí ọlọ́pàá wá a dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ̀rọ náà gan-an (serial number) wà lórí rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ “tab 1” sí. Ẹ ó rí nọ́ńbà yẹn nínú Settings, ní About. Ẹ fi wé ti páálí kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ kò bá rí èyí tó wù yín nílùú, Ìbàdàn ni kí ẹ lọ, ní agbègbè Queen Cinema. Owó ọkọ̀ á wọlé, àmọ́ ẹ ó rí ju ẹ̀yọ kan lọ láti fi wé ara wọn. Ríra lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì fọwọ́ kàn án, fún ẹ̀rọ tuntun tó ní wáráńtì nìkan ni mo gbà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nílé

Ẹ wá Wi-Fi tó dára fún ọjọ́ àkọ́kọ́, tàbí kí ẹ ra data tó pọ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun máa ń fẹ́ ṣe update, áàpù ìkọ̀wé náà sì lè fẹ́ gbé èdè sílẹ̀ kó tó lè ka nǹkan. Ẹ jẹ́ kó parí.

Lórí iPad, ẹ lọ sí Settings, sí Apple Pencil, kí ẹ tan Scribble. Láti ọdún 2020 tí iPadOS 14 ti jáde ló ti wà. Ibikíbi tí a bá ti lè tẹ ọ̀rọ̀ sí, ẹ lè kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì, á sì di títẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ha ọ̀rọ̀ kan síwá sẹ́yìn, á parẹ́. Ẹ fa òbìrí yí i ká, á mú un fún yín láti gbé. Lórí Samsung, ẹ kọ nǹkan sínú Samsung Notes, kí ẹ wá lo bọ́tìnì tó ń sọ ọ́ di text. Lórí Android yòówù, ẹ fi Gboard sí i: nínú Languages rẹ̀, ẹ fi Yorùbá kún un, kí ẹ sì wò ó bóyá Handwriting wà lára àwọn oríṣi kíbọ́ọ̀dù tó gbé síwájú yín fún èdè tí ẹ yàn. Kódà bí kò bá sí, ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá síbẹ̀, torí òun ni ẹ máa fi tún ọ̀rọ̀ ṣe.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: ohun tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo ń jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọ́ di títẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ Yorùbá, mo ń fi í sílẹ̀ ní ìkọ̀wé ọwọ́, mo sì ń fi ránṣẹ́ ní PDF. Ìwàásù, àkọsílẹ̀ ìpàdé, orin ìbílẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà, kò sí èyí tó ń jìyà níbẹ̀. Èyí tó bá pọn dandan kó jẹ́ títẹ̀ ni mo tó ń jókòó tì pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.

Bí ẹ bá sì rí áàpù tó ka àmì wa, ẹ ràn án lọ́wọ́. Ẹ yan ojú ewé tí ìlà rẹ̀ jìnnà síra. Lójú ewé tí ìlà ti há, àmì ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ ìlà ìsàlẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà òkè, ẹ̀rọ kò sì ní mọ ẹni tó ni ín. Ẹ fi àmì abẹ́ sí i tó hàn kedere, kó kúrú, kó súnmọ́ lẹ́tà, kí ẹ sì fi í síbẹ̀ kí ẹ tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan lára wa máa ń kọ gbólóhùn tán ká tó padà wá fi àmì sí i. Lórí ìwé, kò burú. Lórí ẹ̀rọ tó ń tọ ìrìn pẹ́ẹ̀nì, ó lè ti parí kíkà rẹ̀ kí ẹ tó padà dé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìtọ́jú

Eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Láti bíi oṣù Kejìlá, eruku tó ń bà sójú tábúlẹ́ẹ̀tì dà bí iyanrìn kíkúnná, ẹnu pẹ́ẹ̀nì á sì máa fi í ha ojú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ̀wé. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú apá agbádá.

Ní ti screen guard, oní gíláàsì máa ń yọ̀ lábẹ́ pẹ́ẹ̀nì. Èyí tó rí bíi bébà lójú dùn ún kọ̀wé sí púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹnu pẹ́ẹ̀nì kíákíá. Mo ṣì fẹ́ ẹ jù oní gíláàsì lọ.

Apple Pencil àkọ́kọ́ kì í fi iná ṣòfò: Apple ní ìṣẹ́jú àáyá 15 lórí cháàjì tó fún ìkọ̀wé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ lè fi í sẹ́nu iPad kí NEPA tó mú iná lọ. Àmọ́ bó bá ti wà níbẹ̀, ó yọ síta gbọọrọ, ẹ gbé e kúrò lọ́nà ọmọ. Ìdérí rẹ̀ kékeré, ó sì máa ń sọnù. Ẹ wá rọ́bà tí ẹ lè fi dè é mọ́ ọn. Ẹ má sì jẹ́ kó wà láì ní cháàjì fún ọ̀pọ̀ oṣù, bátìrì irú rẹ̀ lè má jí mọ́. S Pen ti Tab S6 Lite kàn ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni. Lórí ọ̀kadà tàbí nínú báàgì tó kún, ó lè já bọ́ láì ta yín lólobó. Ẹ ra àpò tó ní ojú ibi tí a ń ki pẹ́ẹ̀nì bọ̀.

Bí ẹnu pẹ́ẹ̀nì bá ti di pẹlẹbẹ lápá kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àpá. Ti Apple, ẹ kàn máa yí i pẹ̀lú ọwọ́ ni, ó ń jáde bí ìdérí ìgò. Ti S Pen, ohun tó jọ ẹ̀mú kékeré ni wọ́n fi ń fà á yọ. Ẹ wo inú páálí dáadáa kí ẹ tó jù ú nù, torí wọ́n lè ti fi ẹnu àfikún síbẹ̀, nínú ọ̀rá kékeré tí èèyàn lè rò pé pàǹtírí ni.